In the Court of the Crimson King: Àwo-orin Àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ King Crimson

In the Court of the Crimson King ni àwo-orin àkọ́kọ́ tí King Crimson, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde. Ilé-iṣẹ́ Island Records ló tà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1969, Atlantic Records sì ni tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Orin márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì gbà tó ìṣẹ́jú 44. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn orin ló kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ tó fi ẹsẹ̀ rọ́ọ̀kì onítẹ̀síwájú (progressive rock), ìyẹn rọ́ọ̀kì tó ń da irú orin mìíràn mọ́ tirẹ̀, múlẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé òun gan-an ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ṣì wà lórí ìyẹn, nítorí pé láti nǹkan bí ọdún 1967 ni àwọn ẹgbẹ́ bíi Moody Blues, Procol Harum àti The Nice ti ń da rọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ orin àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta kan tí ń jẹ́ Giles, Giles and Fripp ló di King Crimson. Robert Fripp ń ta gìtá níbẹ̀, Michael Giles ń lu ìlù, Peter Giles, àbúrò rẹ̀, sì ń ta bẹ́ẹ̀sì. Àwo-orin kan ṣoṣo tí wọ́n gbé jáde ní 1968 kò tà tó nǹkan. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ian McDonald dara pọ̀ mọ́ wọn, òun ló sì mú Peter Sinfield wá, akéwì tí àwọn méjèèjì ti jọ ń kọ orin tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Peter Giles kúrò, Greg Lake, ọ̀rẹ́ Fripp láti agbègbè Bournemouth, gba bẹ́ẹ̀sì, ó sì di akọrin ẹgbẹ́ náà. Sinfield kì í lu ohun èlò kankan nínú àwo-orin yìí. Ọ̀rọ̀ orin àti iná orí ìtàgé ni iṣẹ́ tirẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kà á sí ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù.

Ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìfidánrawò nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan lójú pópó Fulham Palace Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi wà lórí ìtàgé ní Hyde Park, ní ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ, níbi òde ọ̀fẹ́ tí Rolling Stones ṣe níwájú ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn. Ara ohun tí wọ́n máa ń lù lórí ìtàgé nígbà náà ni “Mars” ti Gustav Holst, àgbà olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ìyẹn orin ológun tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ ń lọ ní márùn-ún-márùn-ún. Èyí fi ibi tí etí wọn kọ sí hàn: wọn kò gbára lé orin búlúùsì Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ lẹ́nu ní àkókò yẹn.

Ìgbàsílẹ̀

Tony Clarke, ẹni tó ń bá Moody Blues ṣiṣẹ́, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì pinnu láti darí rẹ̀ fúnra wọn. Sítúdíò Wessex ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ láàárín oṣù Agẹmọ sí oṣù Ògún. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kò ju ojú ìgbohùn mẹ́jọ lọ, ìyẹn àyè mẹ́jọ tí wọ́n lè gba ohùn sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìlù, bẹ́ẹ̀sì, gìtá àti ohùn akọrin bá ti gba tiwọn, díẹ̀ ló máa ń kù, inú díẹ̀ yẹn sì ni McDonald ti ní láti rí ààyè fún sasofóònù, fèrè, kílárínẹ́ẹ̀tì, dùùrù àti Mellotron, ẹ̀rọ onítéèpù kan tó jọ dùùrù.

Lójú ẹni tó bá tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe to àwọn ohùn yìí léra, McDonald ni ọwọ́ rẹ̀ hàn jù nínú iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Fripp ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ King Crimson lónìí. Inú ẹgbẹ́ olórin ológun ni McDonald ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti mọ bí a ṣe ń pín iṣẹ́ fún ohun èlò púpọ̀. Òun àti Sinfield nìkan ló ni “I Talk to the Wind” àti “The Court of the Crimson King”. Àwọn márààrún ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí àwọn mẹ́ta yòókù.

Mellotron

A kò lè sọ̀rọ̀ ìró àwo-orin yìí láìsọ ti Mellotron, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń ṣe lágbègbè Birmingham. Ó jọ dùùrù lójú, ṣùgbọ́n téèpù ló wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni ọ̀já téèpù kan wà tí wọ́n ti gba ohùn fayolíìnì tàbí fèrè gidi sí. Bí olórin bá tẹ bọ́tìnnì náà, rọ́bà kékeré kan á tẹ téèpù mọ́ irin tó ń yí, téèpù á máa kọjá níwájú orí tó ń ka ohùn, ohùn náà á sì jáde. Bí ìka bá pẹ́ níbẹ̀ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, téèpù á tán, ohùn á sì dákẹ́. Bí ó bá gbé ìka kúrò, sípíríǹgì á fa téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń lù ú kò lè fọwọ́ sùn lórí ohùn kan. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣí ìka láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn kí téèpù tó tán, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí orin inú “Epitaph” máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gòkè. Iná mànàmáná tí kò dúró déédéé máa ń mú kí ohùn rẹ̀ mì, ẹ̀rọ náà sì wúwo láti gbé kiri. Beatles àti Moody Blues ti lò ó ṣáájú, ṣùgbọ́n wọn kò fi í ṣe òpómúléró orin gígùn tó báyìí.

Àwọn orin

“21st Century Schizoid Man” ló ṣí àwo-orin náà. Lẹ́yìn ariwo kékeré kan tó rọra ń fẹ́ bí afẹ́fẹ́, gìtá àti sasofóònù bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọ̀wọ́ ohùn kan tó wúwo. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohùn Lake di híha, bí ẹni tó ń pariwo láti inú ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, ọ̀rọ̀ Sinfield sì ń na ìka sí ogun Vietnam. Ẹsẹ orin ń lọ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin; nígbà tó bá kan apá àárín, tí wọ́n pè ní “Mirrors”, ó yí sí mẹ́fà-mẹ́fà, eré rẹ̀ sì pọ̀ sí i, gìtá á dá tirẹ̀ ta, sasofóònù á tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àwọn olórin jáàsì ti máa ń ṣe. Ibi tó yẹ kí olùgbọ́ fiyè sí jù lọ tẹ̀ lé èyí: gbogbo wọn á dákẹ́ lójijì, wọ́n á jọ ta ohùn mélòó kan, wọ́n á tún dákẹ́, láìsí ẹni tó ṣáájú tàbí tó kẹ́yìn. Ìlù Giles níbẹ̀ kò mọ sí pípa ìgbésẹ̀ mọ́. Gbogbo gbólóhùn tí gìtá sọ ni ìlù náà ń sọ pẹ̀lú rẹ̀.

“I Talk to the Wind” rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fèrè McDonald ló sì gbé e. Ẹgbẹ́ Giles, Giles and Fripp ti gbìyànjú rẹ̀ ní 1968, pẹ̀lú Judy Dyble tó bá wọn kọrin. “Epitaph” ló parí ojú àkọ́kọ́: orin ìbànújẹ́ lórí ayé tí kádàrá rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn òmùgọ̀.

“Moonchild” ló ń dá àwọn olùgbọ́ sí méjì. Orin gidi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ. Ìyókù ìṣẹ́jú méjìlá náà jẹ́ ohun tí Fripp, McDonald lórí vibraphone (ohun èlò onírin tí a ń fi ọ̀pá lù), àti Giles ń lù fún ara wọn lójú ẹsẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìní ètò tẹ́lẹ̀. Àwọn kan rí i bí àdánwò tó níyì, àwọn mìíràn sì sọ pé ó kàn gba ààyè ni.

“The Court of the Crimson King” ló kádìí rẹ̀. Mellotron àti ohùn ègbè ló gbé e ró, fèrè sì gba àárín rẹ̀ kan. Ó dà bí ẹni pé ó ti parí, kí fèrè tín-ín-rín kan bíi ti ibi ìṣeré ọmọdé tó tún gbé orin náà, kí gbogbo ẹgbẹ́ tó tún wọlé, kí wọ́n sì gé e lójijì.

Àwòrán èèpo àwo-orin náà

Barry Godber, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló ya ojú pupa tó ń ké tòò síwájú àwo-orin náà, láìsí orúkọ ẹgbẹ́ tàbí àkọlé níwájú rẹ̀. Godber kú ní 1970 ní ọmọ ọdún 24. Fripp gba àwòrán náà sọ́dọ̀ lẹ́yìn náà.

Bí wọ́n ṣe gbà á àti ohun tó tẹ̀ lé e

Àwo-orin náà dé ipò karùn-ún lórí àtẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ipò 28 ní Amẹ́ríkà, Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who sì yìn ín gidigidi. Ẹgbẹ́ tó ṣe é kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìrìn-àjò wọn sí Amẹ́ríkà ṣe ń parí ní oṣù Ọ̀pẹ 1969 ni McDonald àti Giles sọ pé àwọn ń lọ. Lake náà kúrò ní 1970, ó sì bá Keith Emerson àti Carl Palmer dá ẹgbẹ́ Emerson, Lake and Palmer sílẹ̀. Fripp ló ń bá orúkọ náà lọ, ìró tó sì wá ṣe lẹ́yìn náà le ju ti àwo-orin yìí lọ, Mellotron inú rẹ̀ kò sì tún ní adùn tí McDonald fi sí i mọ́. Bill Bruford, onílù ẹgbẹ́ Yes, dara pọ̀ mọ́ Fripp ní 1972. Ní 2010, Kanye West gé ohùn kan láti inú “21st Century Schizoid Man” fi sínú orin rẹ̀, “Power”.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dà téèpù ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń tẹ àwo-orin náà, nítorí wọ́n rò pé ojúlówó téèpù ìkẹyìn ti sọnù; ìgbà tí wọ́n rí i ni wọ́n tún un tẹ̀ ní 2004. Ní 2009, Fripp àti Steven Wilson, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, padà sí àwọn ojú ìgbohùn mẹ́jọ náà láti tún àwọn ohùn inú wọn pò pọ̀, wọ́n sì gé apá kan kúrò nínú lílù lójú ẹsẹ̀ inú “Moonchild”.