Níbi Tí Òòfà Ti Rẹlẹ̀ Jù: Bí Àbá MOND Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1846, Urbain Le Verrier, onímọ̀ ìṣirò ní Paris, fi gègé àti bébà lásán sọ ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá mọ̀ wà lójú ọ̀run. Ìrìn Uranus ló fà á: kò bá òfin Newton nípa òòfà mu, ìyẹn bí ohun kan ṣe ń fa òmíràn nítorí ìwúwo rẹ̀, àfi bí nǹkan mìíràn bá wà lọ́hùn-ún tó ń fà á. Ó kọ̀wé sí Johann Galle ní Berlin. Lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, September 23, Galle gbé awò sójú ọ̀run, ó sì rí Neptune.

Ní 1859, Le Verrier yìí kan náà kéde pé ìrìn Mercury náà ní ìyapa. Ó kéré gan-an, kò tó ìdá kan nínú 80 díígírì kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọgbọ́n tó gbè é nígbà àkọ́kọ́ ló tún lò: ó ní ohun mìíràn ló fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Oòrùn. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, Vulcan, kí wọ́n tó rí i. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, nítorí kò sí níbẹ̀. Ní November 1915 ni Albert Einstein ṣírò ìyapa náà láti inú àbá rẹ̀ tuntun nípa òòfà, general relativity, iye tó rí sì bá a mu géérégé. Òfin Newton ló kù díẹ̀ káàtó.

Yálà ohun kan wà tí a kò rí, tàbí òfin ló ní àbùkù: ìbéèrè yìí ló tún yọjú ní ọ̀rúndún ogún, kò sì tíì kúrò nílẹ̀. MOND (Modified Newtonian Dynamics), àbá tó ní òfin Newton ló yẹ ká tún ṣe, jẹ́ ìdáhùn kan sí i.

Fritz Zwicky ló kọ́kọ́ kan án ní 1933, nígbà tó rí i pé àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ (galaxy) inú Coma, agbo ńlá tó kó ọ̀pọ̀ ìṣùpọ̀ jọ, ń sáré ju ohun tí ìwúwo wọn tó hàn síta lè dì mú lọ. Ní 1970, Vera Rubin àti Kent Ford tẹ ohun tí wọ́n rí nínú ìṣùpọ̀ Andromeda jáde. Nítòsí Oòrùn, Mercury ń sá kìlómítà 47 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Neptune tó wà lọ́nà jíjìn kò ju nǹkan bíi 5 lọ. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ohun tó wà létí Andromeda máa rọra lọ. Àmọ́ ìyára wọn kò dín kù. Ní 1978, Albert Bosma ní Groningen fi ìgbì rédíò wo gáàsì háídírójìn inú ọ̀pọ̀ ìṣùpọ̀ mìíràn, ó sì bá ohun kan náà pàdé kọjá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ parí sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ gbà pé ohun àìrí ló yí ìṣùpọ̀ wọ̀nyí ká, wọ́n gba ọ̀nà Neptune.

Mordehai Milgrom, ará Weizmann Institute ní Rehovot, Israel, gba ọ̀nà Mercury. Princeton ló ti lo ọdún 1980 sí 1981, níbẹ̀ ló sì ti bi ara rẹ̀ pé: bí òfin bá ní àbùkù, níbo ni àbùkù náà ti bẹ̀rẹ̀? Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ọ̀nà ló jìn jù. Ìyẹn kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà ni, gbogbo ìṣùpọ̀, ńlá àti kékeré, ìbá máa yapa níbi tó jìnnà dọ́gba sí àárín wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyárasí ni Milgrom mú, ìyẹn bí ìyára ohun kan ṣe ń yí padà bí òòfà ṣe ń fà á. Ní tèmi, ibí yìí gan-an ni wọ́n ti bí àbá náà.

Ààlà tó fà, a0, jẹ́ mítà 1.2 tí a pín sí bílíọ̀nù mẹ́wàá ọ̀nà, fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun kan bá dúró jẹ́ẹ́, tí òòfà báyìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, lẹ́yìn odidi ọdún kan kò ní tíì máa rìn tó mílímítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá. Òòfà ilẹ̀ ayé lábẹ́ ẹsẹ̀ wa jù ú lọ ní ìlọ́po bílíọ̀nù 80. Lókè ààlà yìí, òfin Newton kò yẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ jìnnà, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, òòfà kì í dín kù sí ìdá mẹ́rin mọ́, ìdajì ló ń di. Nítorí náà ni ìyára kì í fi í dín kù létí. Ìṣùpọ̀ tí etí rẹ̀ bá ń yí ní ìlọ́po méjì ìyára òmíràn gbọ́dọ̀ wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 16.

Ní 1983 ni ìwé rẹ̀ mẹ́ta jáde nínú Astrophysical Journal. Ó ti sọ níbẹ̀ pé àwọn ìṣùpọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe bàìbàì, tí ìràwọ̀ wọn fọ́n ká, yóò yapa láti àárín dé etí, nítorí òòfà inú wọn kò tó a0 níbì kankan. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, onímọ̀ ìràwọ̀ Stacy McGaugh wọn irú ìṣùpọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí Milgrom sọ ló sì rí. Kì í ṣe pé ó ń wá a. Bí mo bá rántí èyí, ó máa ń wú mi lórí.

Àmọ́ òfin Newton ni wọ́n ṣì tún ṣe, òfin yẹn kò sì lè sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nígbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wúwo. Jacob Bekenstein, tó ti bá Milgrom tún ìṣirò náà ṣe ní 1984, ló gbé àbá kan jáde ní 2004 tó so ó pọ̀ mọ́ ti Einstein. Ó pè é ní TeVeS, ó sì fi pápá (field, ipá tó tàn káàkiri òfúrufú) méjì kún pápá òòfà. Bekenstein kú ní 2015. Ní August 17, 2017, ìgbì òòfà (gravitational waves) àti ìtànṣán gámà, irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò lè rí, láti ara ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù (àjókù ìràwọ̀ tó ki gan-an) méjì tó kọlu ara wọn dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ìrìn nǹkan bíi 130 mílíọ̀nù ọdún, ìṣẹ́jú àáyá 1.7 péré ló sì wà láàárín wọn. TeVeS ti sọ pé ìyára wọn kì í dọ́gba, ibẹ̀ ló wó sí. Ní 2021, Constantinos Skordis àti Tom Złośnik gbé òmíràn kalẹ̀ ní Prague tó kọjá ìdánwò yẹn.

Kì í ṣe pé MOND yanjú gbogbo rẹ̀. Nínú àwọn agbo ńlá bíi Coma, ìwúwo ṣì ń kù níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti lò ó. Láti 2023, àríyànjiyàn ti wọ inú ìràwọ̀ méjì-méjì tó ń yí ara wọn ká láti ọ̀nà jíjìn, tí òòfà àárín wọn kò tó a0. Láti inú ohun tí ẹ̀rọ òfúrufú Gaia wọ̀n, àwọn kan rí ìyapa tí Milgrom sọ, àwọn mìíràn ní Newton kò yẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni iye ìràwọ̀ kẹta tó lè fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tí a rí.