Tébù kejì tí ẹ kì í wò ní líìgì Argẹntínà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùgbọ́ kì í yé bi mí látìgbà tí mo ti ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù lórí rédíò, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù òru ló sì pọ̀ jù nínú wọn: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni tíìmù tó ṣe ipò kẹsàn-án ṣe máa já sí dífíṣọ̀n kejì? Àbí wọ́n fi màgòmágó ṣe é ni?" Kò sí màgòmágó níbẹ̀ o. Tébù tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí fóònù yín yẹn, ẹni tó máa gbé ife ló ń sọ. Tébù míì wà tó ń sọ ẹni tó máa kó ẹrù ẹ̀ lọ sísàlẹ̀, promedio ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ìpíndọ́gba nìyẹn lédè wa.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá. Gbogbo póìǹtì tí tíìmù bá kó jọ láàárín sáà mẹ́ta, wọ́n á fi iye máàṣì tó gbá nínú sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín in, èyí tó bá jáde ni wọ́n máa fi tò wọ́n látòkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni pé gbèsè ọdún méjì sẹ́yìn ṣì wà lọ́rùn ẹ, kódà kó o máa gbá bọ́ọ̀lù gidi lọ́dún yìí.

Ẹ jẹ́ n fi River Plate, tíìmù ńlá kan ní Argẹntínà, sáà 2010/11 ṣàlàyé ẹ. Nígbà yẹn, líìgì méjì ni wọ́n ń gbá nínú sáà kan, Apertura ṣáájú, Clausura tẹ̀ lé e, máàṣì 19 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ife tiẹ̀. River gba ife Clausura 2008, Diego Simeone ni kóòṣì wọn. Oṣù díẹ̀ sí i, nínú Apertura 2008, River yìí kan náà ló ṣe ìkẹyìn pátápátá, ipò 20 nínú tíìmù 20, póìǹtì 14 péré! Simeone fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn bínú, wọ́n sì gbàgbé, torí kò sẹ́ni tó lé wọn lọ sí dífíṣọ̀n kejì lọ́dún yẹn. Àmọ́ ìwé ìṣirò ò gbàgbé ní tiẹ̀.

Sáà 2008/09 yẹn, póìǹtì 41. Èyí tó tẹ̀ lé e, 43. Ìgbà tó di 2010/11 ni wọ́n wá jí gìrì, wọ́n ṣe ipò kẹrin nínú Apertura, wọ́n ṣe ipò kẹsàn-án nínú Clausura, póìǹtì 57. Ẹ ro ó pọ̀, 141. Ẹ fi máàṣì 114 pín in, 1.237 ló máa fún yín. Tó bá jẹ́ pé sáà yẹn nìkan ni wọ́n kà, 57 nínú máàṣì 38, 1.5 gééré ni, ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ River mọ́ ọ̀rọ̀ àjábọ́ rárá.

Ibi tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù wá rèé. Tíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá ò ní sáà mẹ́ta, máàṣì tó gbá látìgbà tó dé nìkan ni wọ́n máa fi pín tiẹ̀. Ká ní irú tíìmù bẹ́ẹ̀ gba póìǹtì 48 nínú máàṣì 38, 1.263 ni tiẹ̀, ó ti ju River lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ póìǹtì 9 ni River fi jù ú lọ́dún náà gan-an. Tó bá jáwé olúborí nínú máàṣì kan sí i, póìǹtì mẹ́ta lórí 38 máa gbé e sókè ní nǹkan bí 0.08, ti ẹni tó ń fi 114 pín ò tó 0.03. Àmọ́ bó ṣe ń yára gbé e sókè náà ló ń yára gbé e ṣubú o, torí náà ẹ má rò pé ẹ̀bùn ni.

River ò já tààrà, máàṣì méjì ni wọ́n fún wọn láti fi gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ Belgrano ti ìlú Córdoba, tó wá láti dífíṣọ̀n kejì. Belgrano na wọ́n 2-0 nílé tiẹ̀. Ní June 26, 2011, ní Monumental, pápá River, 2-0 náà ni River ń wá, torí tó bá dọ́gba, ẹni tó ti wà lókè ló máa dúró lókè. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ tí Mariano Pavone fi gbá ọ̀kan wọlé fún River, ó wá ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ̀yìn River dàrú, Guillermo Farré ti Belgrano dá a padà, 1-1. River tún rí pẹ́náátì gbà, Pavone náà ló gbá a, Juan Carlos Olave tó ń ṣọ́lé fún Belgrano mú un. Máàṣì ò parí dáadáa, ìjàngbọ̀n àwọn èrò ìwòran ló jẹ́ kí rẹfirí dá a dúró nígbà tó ku díẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù River ń sunkún láàárín pápá. Àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n máa já látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1901.

Èyí tó máa ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ká ní wọ́n yè é, 41 burúkú yẹn ò bá ti kúrò nínú ìṣirò, torí sáà tó bá ti pẹ́ jù ni wọ́n máa ń yọ tí sáà tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. 100 nínú 76 ni wọn ì bá fi bẹ̀rẹ̀, 1.316, láìtíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Ṣé ẹ wá rí i, lọ́dún 1983 tí wọ́n mú promedio yìí padà wọlé, River ṣe ipò 18 nínú tíìmù 19, promedio ló gbà wọ́n, Racing àti Nueva Chicago ló lọ. San Lorenzo, tíìmù ńlá míì, ti já ní 1981, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé torí àwọn tíìmù ńlá ni wọ́n ṣe ṣòfin yẹn, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ọ̀hún ló wá gbé River, ó tún gbé Independiente ní 2013, àwọn tó ti gba Libertadores, ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù South America, nígbà méje!

Ní 2023, wọ́n pín in sí méjì, ẹnì kan já nípasẹ̀ promedio, ẹnì kan já nípasẹ̀ tébù ọdún náà. Torí náà tébù méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa ṣí kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀. River sì ti padà sókè lẹ́yìn ọdún kan, lọ́dún 2012, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wo River àti Boca tó jẹ́ ọ̀tá wọn nídìí bọ́ọ̀lù, tẹ́ ẹ rí ẹnì kan láàárín èrò Boca tó fi aṣọ funfun bora bí iwin, tí wọ́n kọ lẹ́tà B gàdàgbà sí láyà, B yẹn ni dífíṣọ̀n kejì, wọ́n fi ń fi River ṣe yẹ̀yẹ́ ni.