Ojú Tí Kò Rí Ọ̀ọ́kán àti Ojú Tó Gbẹ

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fún ojú pọ̀ kó tó lè ka bọ́ọ̀dù ní Àgọ́-Ìwòyè, àti èyí tí ojú ń ta bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, "ojú ń yọ mí lẹ́nu" ni àwọn méjèèjì máa sọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń ṣe wọ́n. Ó sì lè jẹ́ ẹnì kan náà ni méjèèjì ń bá jà.

Ẹyin ojú àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 24 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá fi mìlímítà kan péré gùn jù, àwòrán á ti pé kó tó dé orí awọ fẹ́lẹ́ tó ń gbà á lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ohun tó jìnnà á wá ṣú, àmọ́ ìwé ọwọ́ ṣì ń hàn kedere, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi tètè fura. Àjogúnbá wà níbẹ̀. Ìwé kíkà nítòsí láti kékeré àti àìtó ìmọ́lẹ̀ ìta náà ń dá kún un. Ẹyin ojú tó ti gùn kì í súnkì mọ́. Awò ló ń dá àwòrán padà sí àyè rẹ̀, irọ́ sì ni pé awò ń ba ojú jẹ́.

Ti ojú gbígbẹ yàtọ̀. Omi ojú ní ọ̀rá lókè tí kì í jẹ́ kó tètè gbẹ, ìpéǹpéjú ló sì ń tẹ́ ẹ. Láàárín ìṣẹ́jú kan, èèyàn máa ń ṣẹ́jú tó nǹkan bí ìgbà 15. Bó bá tẹjú mọ́ fóònù, ó lè já sí 5. Ẹ wá fi ọyẹ́ àti fáànù tó kọjú síni kún un. Nígbà mìíràn ojú tó gbẹ á máa da omi pẹ̀ẹ̀, torí iṣan rẹ̀ ti ké gbàjarè, ṣùgbọ́n omi yẹn kì í dúró.

Kí a gbójú sókè ní ìṣẹ́jú 20 sí 20, ká wo ohun tó tó mítà 6 sí wa fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ká sì ṣẹ́jú dáadáa, ìyẹn lè ran ojú gbígbẹ lọ́wọ́. Kì í wo àìríran jìnnà; dókítà ojú ló máa yẹ ìyẹn wò, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ṣágámù.

Èyí tó ń bani lẹ́rù ni oògùn àkánsójú tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì láìbéèrè. Àwọn kan ní steroid nínú, ìyẹn èròjà oògùn tó lágbára tó ń mú kí ara tó wú tàbí tó pọ́n rọlẹ̀. Ó ń pa pípọ́n ojú rẹ́ kíákíá, ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ń kán an fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìfúnpá inú ẹyin ojú lè ga, kó máa jẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ láìsí ìrora kankan. Ìríran tó bá ti ibẹ̀ lọ kì í padà.