AC píkọ́ọ̀pù àtijọ́: gáàsì kì í tán, ó ń jò ni

Bí AC píkọ́ọ̀pù àtijọ́ bá ti dákẹ́, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lọ́kọ́jà, gbólóhùn kan náà lèèyàn máa ń gbọ́: "Gáàsì ti tán." Wọ́n á gbé sílíńdà wá, wọ́n á rọ gáàsì sí i, ó máa tutù, wọ́n á gbowó. Kò ní pẹ́ tí ooru á tún padà. Gbólóhùn yẹn ti ba AC jẹ́ ju ọjọ́ orí ọkọ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì ló ń jó epo. Kò sóhun tó ń jó gáàsì AC. Ńṣe ló ń yípo lójú kan.

Alábàárù ọjà Kàbà ni ká fi gáàsì náà wé. Ó ru ooru ní kúlìn kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ tì í dé kọndẹ́ńsà níwájú rẹdiétọ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀ fún atẹ́gùn níbẹ̀, ó sì padà lọ ru òmíràn. Ẹrù ló ń pààrọ̀, alábàárù kan náà ni. Bí alábàárù bá dín, ibì kan wà lára ọgbà tí wọ́n ń gbà yọ́ jáde. Bí ibi ìsọ̀rù bá sì há, tí eruku pupa ti dí ojú kọndẹ́ńsà tàbí tí fáànù ò fẹ́ dáadáa, ẹrù náà ni wọ́n á rù padà wọlé. Ẹni tó wá ń kó alábàárù sí i wọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń dá kún híhá náà ni: gáàsì àrọjù máa ń jẹ́ kí AC gbóná sí i.

Òótọ́ kan wà tó yẹ ká gbà. Kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ fìríìjì wà nínú agolo tí wọ́n jó pa, ṣùgbọ́n bẹ́lítì ló ń yí ti mọ́tò, ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọrí síta. Rọ́bà ló ń dí ẹnu ibẹ̀, gáàsì díẹ̀díẹ̀ a sì máa gba ibẹ̀ lọ láàárín ọdún púpọ̀. Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. Ti ọdún púpọ̀ yàtọ̀ sí ti oṣù méjì. Ti oṣù méjì, ihò ni.

Mọ́tò tó jáde ṣáájú 1990, irú gáàsì AC kan tí wọ́n ń pè ní R12 ló ń lò. Àdéhùn àgbáyé Montreal ti ọdún 1987 ló lé R12 kúrò nítorí pé ó ń ba ozone òfurufú jẹ́, R134a ló sì gba ipò rẹ̀. Méjèèjì ò bára wọn mu: ọ́ìlì ti àtijọ́ kì í pò mọ́ R134a, torí náà kí wọ́n tó rọ R134a sí ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ jáde, kí wọ́n pààrọ̀ àwọn ọ́óríǹgì (òrùka rọ́bà tó ń dí oríkèé ọ̀pá) àti dráyà (agolo tó ń fa ọ̀rinrin mu).

Níbi fákúùmù, ìyẹn fífi pọ́m̀pù fa inú ọ̀pá gbẹ kí wọ́n tó rọ gáàsì, ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà. Ọ̀pọ̀ rò pé afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n ń fà jáde, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá gan-an. Tí họ́ọ̀sì bá ti tú sílẹ̀, pàápàá lásìkò òjò, ọ̀rinrin á wọlé, ẹ̀kán kan sì ti tó. Yóò bá gáàsì dé fáàfù tóóró tó wà lẹ́nu kúlìn kọ́ìlì, níbi tí gáàsì ti ń tutù lójijì. Á di yìnyín, á dí ojú ihò. Ìdí nìyẹn tí AC mìíràn fi ń tutù nini bí ọkọ̀ bá ń kúrò ní Lọ́kọ́jà, tó bá fi máa dé Ọbajànà, ooru ló ń fẹ́. Kí awakọ̀ pa á, kó ra omi mu, kó tún un tàn, ó ti tutù: yìnyín ti yọ́. Wọ́n á ní gáàsì ti tán, wọ́n á rọ òmíràn lé e.

Omi yẹn ò ṣeé nù. Fákúùmù ló ń mú kó hó láìsí iná. Ní gbangba, ó di ìwọ̀n 100°C kí omi tó hó, ṣùgbọ́n bí pọ́m̀pù bá fa inú ọ̀pá títí géèjì fi dé íǹṣì 29 lábẹ́ òdo, omi á hó ní nǹkan bí 25°C, èyí tí kò tó ooru ọ̀sán lásán. Omi ń hó nínú ọ̀pá téèyàn lè fọwọ́ dì mú, pọ́m̀pù sì ń fa oru rẹ̀ jáde. Ìyanu ni. Kàbà sì gbé òkè ju etí odò Lọ́kọ́jà lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀, torí náà pọ́m̀pù tó dé 29 ní Lọ́kọ́jà lè dúró sí nǹkan bí 28 ní Kàbà. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Kódà kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ fìríìjì àlòkù tí àwọn kan fi ń fà á wúlò, bó bá ṣì lágbára.

Ó kéré tán, kí pọ́m̀pù fà á fún ìṣẹ́jú 45. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa pọ́m̀pù, kí wọ́n máa wo ọwọ́ géèjì. Bó bá gòkè díẹ̀ tó dúró, omi ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n fà á sí i. Bó bá ń lọ láìdúró, ihò wà, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni ṣí sílíńdà. Bó bá dúró pa ni wọ́n tó lè rọ R134a, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n: nǹkan bí ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo R12 tí ọkọ̀ náà ń gbà tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n sì máa tan AC náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà ọyẹ́ pàápàá, torí bí kò bá ṣiṣẹ́, ọ́ìlì kì í dé ara rọ́bà ẹnu kọ̀m̀púrẹ́sọ̀, rọ́bà náà á sì gbẹ.