Àjàyí Ilé Wo? Bí A Ṣe Ń Tọpa Ìdílé Nínú Ìwé Ìkànìyàn Amẹ́ríkà

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí irú lẹ́tà kan ti ń wọlé sí mi lemọ́lemọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan á kọ̀wé pé òun ti fi itọ́ òun ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA, èsì sì ti dé pé Nàìjíríà ni díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ òun ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo ni wọ́n ti kó bàbá ńlá òun? Àwọn ọmọ wa tó ń gbé lọ́hùn-ún náà máa ń bi mí, nítorí ọkọ tàbí aya tí wọ́n fẹ́ níbẹ̀: wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ orírun wọn lápá ìyá àti lápá bàbá. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rí. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ìlú, èmi náà ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi wọ́n: ta ló wà nínú ilé yín ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1870?

Ìwé ìkànìyàn la fi ń dáhùn rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìjọba Amẹ́ríkà ń ka èèyàn rẹ̀ láti 1790. Òfin wọn ni pé ọdún 72 gbọ́dọ̀ kọjá kí ojú gbogbo ayé tó tó ìwé tí orúkọ èèyàn wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ti 1950 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹ lè wo àwòrán àwọn ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí FamilySearch, ìkànnì kan tí wọ́n fi ń tọpa ìdílé, ì báà jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà, tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀. Ìyá àgbà tó jẹ́ ọmọdé ní 1950, ẹ wo bàbá rẹ̀ ní 1940, kí ẹ wá bàbá yẹn náà lọ sí ìgbà tó wà lábẹ́ àwọn òbí tirẹ̀ ní 1910. Ẹ má fo ọdún kankan tí ìwé rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fo láti 1920 bọ́ sí 1880 nítorí pé ó rí orúkọ kan tó jọ ti bàbá ńlá rẹ̀, ìdílé onídìílé ló máa ń tọ̀ lọ, yóò sì ti ná owó àti oṣù púpọ̀ kó tó mọ̀.

Tí ẹ bá ti dé 1870, ẹ ti kan ògiri. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ka àwọn tó wà nínú oko ẹrú. Orúkọ olówó ẹrú ló máa ń wà lápá òsì, lẹ́yìn náà ìlà á tẹ̀lé ìlà: 1, 35, F, B. 1, 12, M, B. 1, 9, F, M. Èèyàn kan, ọjọ́ orí rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, dúdú tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó wà lára rẹ̀. Orúkọ kò sí. Èèyàn 3,953,760 ni wọ́n kà báyìí ní 1860. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á na ọwọ́, wọ́n á gbé ìka lé ìlà tí wọ́n rò pé ìyá ńlá àwọn ni, lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Mi ò jẹ́ kánjú bá wọn sọ̀rọ̀ nírú àsìkò yẹn.

Ọ̀nà tí a fi ń gun ògiri náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Nílé wa, tí àlejò bá dé tó ní Àjàyí ni òun ń wá, ohun tí wọ́n á bi í ni pé Àjàyí ilé wo? Orúkọ nìkan kò tó fún wa láti fi dá èèyàn mọ̀. Agboolé rẹ̀ la máa ń wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe ka ìwé ìkànìyàn. Ohun tí etí òǹkànìyàn bá gbọ́ ló ń kọ. Ẹni tó sì ń dá a lóhùn lẹ́nu ọ̀nà lè jẹ́ ìyàwó ilé, ó lè jẹ́ aládùúgbò nígbà tí gbogbo ará ilé ti lọ sóko. Lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ọ̀pọ̀ ni kò jẹ́ orúkọ olówó wọn ìkẹyìn. Àwọn kan mú ti olówó àkọ́kọ́, níbi tí ìyá wọn kù sí. Àwọn kan yan èyí tó wù wọ́n. Àwọn mìíràn ń jẹ́ ọ̀kan ní 1870, wọ́n ti pa á dà kó tó di 1880. Ọjọ́ orí pàápàá kò dúró sójú kan. Ẹ óò rí i pé 30, 35, 40 àti 50 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ ìbí ń fojú dá a ni.

Àwọn tó yí èèyàn ká ni kì í tètè yí padà. Ká ní ẹ rí bàbá ọdún 40 ní 1870, ìyàwó ọdún 35, ọmọ mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọdún 10, 8, 5 àti 1. Ilé kejì, ìyá àgbà kan ọdún 65. Ilé kẹta, alágbẹ̀dẹ kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ yàtọ̀. Ní 1880, àpapọ̀ yẹn ni kí ẹ wá: ọmọ ọdún 20, 18, 15 àti 11 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, kí alágbẹ̀dẹ sì wà nítòsí. Tí ẹ bá rí i, ì báà jẹ́ Lewis ni wọ́n kọ tàbí Louis, ẹ ti rí wọn. Ojú-ewé mẹ́wàá síwájú, mẹ́wàá sẹ́yìn ni mo máa ń kà kí n tó gbà pé mo ti bá ìdílé kan pàdé. Ẹ tún wo òyìnbó tó ní ilẹ̀ púpọ̀ nítòsí wọn, kí ẹ lọ wá ìwé ẹrú tirẹ̀ ní 1860, bóyá obìnrin ọdún 25 kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ìyẹn kò tíì di ẹ̀rí o. Ó dìgbà tí ẹ bá lọ sí kóòtù ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí ẹ ṣí ìwé ìpín ogún olówó náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ orúkọ èèyàn pẹ̀lú iye owó tí wọ́n dá lé e, láàárín màlúù àti àga.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin kan tí ìtàn rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé ṣe àpẹẹrẹ. Oluale Kossola, ọmọ Yorùbá agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òde òní. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló kó o, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ ojú omi Clotilda sì gbé òun àti èèyàn bí 110 dé Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama ní oṣù keje ọdún 1860. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀, nítorí náà òru ni wọ́n kó wọn sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n pamọ́. James Meaher, olówó ẹrú kan níbẹ̀, ló gba Kossola. Ẹni tó bá ń tọpa rẹ̀ lè rò pé kí òun ṣí ìwé ẹrú Meaher ní 1860, kí òun wá ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 19 kan. Kò yẹ kó sí níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ tí ìkànìyàn yẹn ń kà. Ẹni tó bá wà nílé lọ́jọ́ yẹn ni kí wọ́n kọ, kódà bí òǹkànìyàn bá dé lẹ́yìn oṣù méjì. Orí òkun ni Clotilda wà lọ́jọ́ náà. Ṣe ẹ rí i? Kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan sọnù nínú ìwé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ náà ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Kossola kò bọ́ sí Meaher lẹ́nu, ni ó bá ní kí wọ́n máa pe òun ní Cudjo, orúkọ tí àwọn Akan ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, ó fi Lewis kún un, àwọn òpìtàn kan sì gbà pé láti ara Oluale ni Lewis ti jáde. Ẹni tó bá ń wá Meaher, níbo ló ti fẹ́ rí i? Ṣùgbọ́n òun àti àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ ra ilẹ̀ síbi kan náà, wọ́n dá ìletò tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn Mobile, tí wọ́n ń pè ní Africatown. Àwọn ìdílé wọn dúró ti ara wọn, "Africa" sì ni òǹkànìyàn ń kọ sí òpó ibi tí wọ́n bí wọn sí. Agboolé ni ẹ máa fi rí wọn.

Ó sì ní ohun tí ìwé ìkànìyàn kò lè gbọ́ láé. Kossola àti ìyàwó rẹ̀ Abile sọ àwọn ọmọ wọn ní orúkọ méjì méjì. Àkọ́bí ń jẹ́ Aleck níta. Orúkọ ilé rẹ̀, àwọn tó fetí gbọ́ ọ kọ ọ́ oríṣiríṣi: ibì kan Iyadjemi, ibòmíràn Yah-Jimmy. Ẹ kà á sókè. Ìyà jẹ mí. Ọmọ mìíràn, tí òun náà ń jẹ́ Cudjo, wọ́n kọ tirẹ̀ ní Feichitan tàbí Fish-ee-ton. Lójú tèmi, Fèyíṣìtàn ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ka àwọn orúkọ yẹn jáde lẹ́nu, mo dìde kúrò nídìí iṣẹ́ fún ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ má fi ìkọwé òyìnbó nìkan wo orúkọ tó bá ṣàjèjì nínú ìwé àtijọ́. Ẹ pè é, kí etí yín gbọ́ ọ.

Ní 1870 gan-an, òpó méjì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú fò: òpó 11 àti òpó 12. Wọ́n ń fa igi kékeré síbẹ̀ tí bàbá tàbí ìyá ẹni náà bá jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè. Tí ẹ bá rí igi yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ dá iṣẹ́ yòókù dúró ná. Ohun tí ìwé 1870 kò sọ ni bí àwọn ará ilé ṣe tan mọ́ra. 1880 ló bẹ̀rẹ̀ síí sọ ọ́ pé èyí ni ìyàwó, èyí ọmọ, èyí àna, ó sì tún kọ ibi tí wọ́n bí bàbá àti ìyá olúkúlùkù sí. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá jẹ́ ti Alabama ní àǹfààní kan sí i: ìpínlẹ̀ náà ka èèyàn tirẹ̀ ní 1866, ó sì kọ orúkọ àwọn baálé aláwọ̀ dúdú. Ìwé Freedman's Bank, báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó gba òmìnira, tó ṣiṣẹ́ láti 1865 sí 1874, náà dára púpọ̀, nítorí wọ́n sábà máa ń kọ òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹni tó ṣí àkáǹtì sílẹ̀.

Lẹ́yìn 1880, ihò ńlá kan wà. Iná jó níbi tí wọ́n kó ìwé 1890 sí ní Washington ní oṣù kìíní ọdún 1921, èyí tí iná kò jó sì fara gba omi. Nígbà tó yá, wọ́n da ìyókù nù. Gbogbo orúkọ tó ṣẹ́kù kò ju bí 6,000 lọ. Láti 1880, ẹ di 1900 nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1881 tó sì kú ní 1899, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwé ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ kankan tó kù tó kọ orúkọ rẹ̀.

Ìyá kan láti Alabama, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni èyí dùn jù nínú àwọn tí mo ti bá ṣiṣẹ́. Ìwé 1900 béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, mélòó ló wà láàyè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìyá ńlá rẹ̀, òǹkànìyàn kọ 9, ó kọ 4. Mẹ́ta la ti bá nínú ilé ní 1880, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà láàyè ní 1900. Wọ́n bí ẹ̀kẹrin lẹ́yìn 1880. Àwọn márùn-ún yòókù kò sí níbì kankan. Ó bi mí pé, "Ṣé wọn ò tiẹ̀ lórúkọ ni?"

Mo lọ wo ìwé àwọn tó kú, èyí tí wọ́n kọ pẹ̀lú ìkànìyàn 1880 fún oṣù méjìlá tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi nọ́ńbà ìdílé so ìwé yẹn mọ́ ìwé ìkànìyàn gan-an, nítorí náà mi ò wá orúkọ rárá. Nọ́ńbà ìdílé wọn ni mo wá. Mo rí i: ọmọbìnrin, oṣù mẹ́jọ, ibà. Ìyá náà kọ orúkọ rẹ̀ sínú Bíbélì ìdílé wọn, ó sì fi ìlà mẹ́rin sílẹ̀ lófìfo lábẹ́ rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ la máa lọ ka ìwé ìrìbọmi ìjọ tí ìyá ńlá rẹ̀ ń lọ.