Ẹ Wo Ṣàkì Kí Ẹ Tó Já Ọmọ Ewúrẹ́ Lẹ́nu Ọmú

“Dókítà, oṣù mélòó la fi ń já ọmọ ewúrẹ́ lẹ́nu ọmú?” Bí mo bá ń kánjú, oṣù mẹ́ta ni mo máa ń wí fún ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ oṣù mẹ́ta tó rù kan eegun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mo sì ti rí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ṣàkì ló fa ìyàtọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rà á lọ́jà mọ̀ pé ó rí bíi táwẹ́ẹ̀lì. Irun-irun yẹn ni ẹran fi ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ti ọmọ tuntun kò tíì hù dáadáa, ṣàkì náà sì kéré. Bó bá mu ọmú, wàrà á gba ẹ̀gbẹ́ ṣàkì kọjá lọ sínú àpò kẹrin nínú ikùn rẹ̀. Wàrà kì í mú irun náà hù. Eèrí àgbàdo ló ń ṣe é: á kan nínú ṣàkì bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò, ìkan yẹn ló sì ń mú un hù.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kejì niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi igi sé igun kan nínú ilé ẹran, kí àlàfo rẹ̀ gba ọmọ, kó má gba ìyá. Ẹ bu eèrí díẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ da PKC, ìyẹn èérún ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, mọ́ ọn, kí omi mímọ́ sì wà nítòsí. Bí ìyá bá ráàyè wọbẹ̀, á lá a tán, kò ní í wojú ọmọ.

Ní ti ewé, agúnmáníyè ni mo fẹ́ràn jù. Láwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ILCA, ilé ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, n'Íbàdàn ti ń rọ àgbẹ̀ pé kí wọ́n gbìn ín fún ẹran. Òórùn rẹ̀ lè kọ́kọ́ lé ẹran sá. Ẹ gé e nírọ̀lẹ́, kó rọ mọ́jú. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ńkọ́? Má dán an wò fún ọmọ ẹran. Májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ sá a títí á fi máa dún ṣàkàṣàkà lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ewé tì í lẹ́yìn, torí èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kò tó fún ẹran tó ń dàgbà.

Ọmọ tó wọn kílò 1.5 nígbà tí wọ́n bí i, mo fẹ́ kó tó 4.5 ó kéré tán kí ẹ tó já a lẹ́nu ọmú. Mo tún fẹ́ rí i kó máa jẹ eèrí lójoojúmọ́, kó sì máa jẹ àpọ̀jẹ bó bá dùbúlẹ̀.

Bọ́jọ́ bá pé, ìyá ni kẹ́ ẹ mú lọ ibòmíràn, kí ọmọ wà níbi tó mọ̀. Ẹ ya akọ sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Òbúkọ oṣù mẹ́rin lè gun ìyá rẹ̀, kó sì lóyún. Ẹ má fi títẹ̀ lọ́dàá tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára kátà, àrùn ewúrẹ́ nì, sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ já a lẹ́nu ọmú. Ọmọ àti ìyá á ké fún bí òru méjì sí mẹ́ta, ẹ bẹ aládùúgbò. Bí ọmú ìyá bá kún, ẹ dín eèrí rẹ̀ kù fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ má sì fún wàrà rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń fún un, á máa sun sí i.