Àbójútó àwọn adájọ́ kóòtù ìsàlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Kóòtù májísíréètì àti kóòtù ìbílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà wà lábẹ́ ẹ̀ka ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ ń darí láti Òṣogbo. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń mójú tó àwọn adájọ́ wọ̀nyí: ilé-ẹjọ́ gíga a máa yẹ ìdájọ́ wọn wò, àjọ kan sì wà tó ń bá àwọn fúnra wọn wí. Ọ̀nà méjèèjì kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ra. Adájọ́ tó kàn ṣi òfin gbọ́ kò tíì hùwà àbùkù. Ìdájọ́ rẹ̀ ni wọn yóò tún ṣe.

Ìtàn

Lábẹ́ òfin kóòtù ìbílẹ̀ ọdún 1914, àwọn ọba àti ìjòyè ló ń jókòó gbẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló ń ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n bá dá. Alákòóso ni ajẹ́lẹ̀, kì í ṣe adájọ́, síbẹ̀ ó lè yí ìdájọ́ padà. Ní 1957, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin tuntun fún kóòtù ìbílẹ̀, ó sì pín wọn sí ìpele. Nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, ìjánu kúrò ní Ìbàdàn bọ́ sí Òṣogbo.

Agbára lórí ìdájọ́

Abala 272 Òfin Nàìjíríà ti 1999 jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ gíga lè gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó sì ṣe àbójútó àwọn kóòtù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Irinṣẹ́ àbójútó tó lágbára jù ni àṣẹ tí àwọn lọ́yà ń pè ní certiorari. Ká ní májísíréètì kan ní Iléṣà dájọ́ láìjẹ́ kí olùjẹ́jọ́ sọ tẹnu rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ lè tọ ilé-ẹjọ́ gíga lọ, kí adájọ́ ibẹ̀ sì ní kí wọ́n gbé ìwé ẹjọ́ náà wá. Kì í ṣe bóyá ìdájọ́ náà dára ni yóò wò. Ṣé kóòtù yẹn lágbára lórí ọ̀rọ̀ náà? Ṣé ó gbọ́ tọ̀tún-tòsì? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Abala 36 sọ ìlànà yìí di ẹ̀tọ́. Bí àléébù bá wà, ìdájọ́ di òfo. Nínú kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní tirẹ̀, adájọ́ òkè lè fi ìdájọ́ mìíràn rọ́pò ti ìsàlẹ̀. Àṣẹ mìíràn wà tó ń dá kóòtù ìsàlẹ̀ dúró, àti èyí tó ń mú un ṣe ojúṣe tó kọ̀ láti ṣe.

Àbẹ̀wò ọgbà ẹ̀wọ̀n

Ibí ni àbójútó ti ń kan ara ènìyàn ní tààrà. Májísíréètì kò lè dá ẹjọ́ ìpànìyàn, àmọ́ wọ́n a máa gbé afurasí dé iwájú rẹ̀, kó sì ní kí wọ́n fi í sí àtìmọ́lé títí di ìgbà tí ẹjọ́ yóò dé ilé-ẹjọ́ gíga. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Lufadeju àti Johnson, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé fáìlì lè dákẹ́ nígbà tí ènìyàn wà lẹ́wọ̀n. Nítorí náà, Adájọ́ Àgbà a máa ṣàbẹ̀wò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, irú èyí tó wà ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀, ó sì lè tú ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀, tàbí ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́jọ́ ju ẹ̀wọ̀n tí òfin lè fún un lọ.

Ìgbanisíṣẹ́ àti ìbáwí

Àjọ NJC, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ti gbogbo Nàìjíríà ní Àbújá, kò ní àṣẹ ìbáwí lórí májísíréètì. Àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga àti ti òkè rẹ̀ ni tirẹ̀. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ ló ń gba májísíréètì àti adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ síṣẹ́, òun náà ló ń bá wọn wí, tó sì ń yọ wọ́n. Adájọ́ Àgbà ni alága rẹ̀. Kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́, lọ́yà méjì àti ènìyàn méjì tí kì í ṣe lọ́yà wà lára ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ̀sùn ìwà kan májísíréètì ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, àjọ yìí ló yẹ kó kọ̀wé sí.

Owó oṣù

Ìjọba àpapọ̀ ló ń san owó oṣù adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga; ìpínlẹ̀ ló ń san ti májísíréètì. Àìní òmìnira kóòtù nípa ìnáwó wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù jákèjádò Nàìjíríà ní 2021, láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹfà.